Ọta ìbọn ti wọ́n: kí ni ọdẹ fàájì yóò ṣe?

Bí ẹ bá ń kà á dípò kí ẹ máa gbọ́ ọ, ohun tí mo sọ gan-an nìyí. Ibi tí mo ti ń wúkọ́ àti ibi tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa ti bo ohùn mi mọ́lẹ̀ nìkan ni mo gé kúrò.

Orí tábìlì ìjẹun ilé wa ní Ọ̀tọ̀-Àwórì ni ọ̀rọ̀ òní ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti ibi iṣẹ́ dé ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ara mi ti wó nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Badagry. Mo bá bàbá mi níbi tó to ọta ìbọn mẹ́sàn-án sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀. Ó kà wọ́n, ó tún wọn kà.

Mo ní, "Bàbá mi, ṣé ẹ̀ ń lọ sígbó lọ́la ni?"

Ó ní, "Rárá o. Mò ń wò ó bóyá wọ́n á bí sí i ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú ọdẹ tí bàbá mi jẹ́. Kì í fi ẹran títà jẹun. Olùkọ́ ni, ó ti fẹ̀yìntì. Ó ní ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan, ó sì ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Bí ilẹ̀ Sátidé bá mọ́, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta á gba apá ibi tí igbó ṣì kù lẹ́yìn ọ̀sà Ológe. Bí wọ́n bá rí ọ̀yà kan tàbí àparò méjì, ọpẹ́ ni. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan, wọ́n ti rìn, wọ́n ti takurọ̀sọ, wọ́n ti bú ìjọba, ara ti yá. Ọdẹ fàájì ni mo ń pè wọ́n, inú wọn kì í sì í dùn sí orúkọ náà.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n ń lọ. Ní ọdún tó kọjá, ìgbà mẹ́ta péré ni. Ẹ má sọ pé àgbà ló dé. Ọta ni kò ṣeé rà mọ́.

Ohun tó wá jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí ètò ni èyí: ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹnì kan ti wá fi ọta àtúnrọ lọ bàbá mi, ìyẹn àwọn tí wọ́n ti yìn tẹ́lẹ̀, tí ẹnì kan wá rọ ẹ̀tù mìíràn sí nínú yàrá rẹ̀. Ó ní ìdajì owó ni òun máa gbà. Mo bi bàbá mi ohun tó sọ fún un. Kò sọ pé òun gbà, kò sì sọ pé òun kọ̀. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Kí ló wà nínú ọta kan?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń ra. Ọta tí ìbọn bíi ti bàbá mi ń lò, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní kátíríìjì, 12-gauge ni. Ohun tí nọ́ńbà 12 yẹn túmọ̀ sí rèé: bí ẹ bá mú òjé tó wọn páùn kan, tí ẹ fi ṣe bọ́ọ̀lù kéékèèké 12 tó dọ́gba, bí ọ̀kan nínú wọn ṣe fẹ̀ ni ihò ẹnu ìbọn náà ṣe fẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló máa ń wà nínú páálí kan.

Ara rẹ̀ jẹ́ ike. Ìdí rẹ̀ jẹ́ idẹ. Àárín ìdí yẹn ni ohun kékeré kan wà tí irin ìbọn máa ń gbá kí iná tó ṣẹ́. Ẹ̀tù wà lókè rẹ̀, ohun tó ya ẹ̀tù sọ́tọ̀ tẹ̀ lé e, òjé wóróworó sì wà lókè pátápátá. Ike, idẹ, òjé, ẹ̀tù: bí ọ̀kan bá wọ́n lágbàáyé, ọta á wọ́n. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀tù ló fa wàhálà jù.

Ẹ̀tù inú kátíríìjì kì í ṣe ẹ̀tù dúdú tí a ń rọ sínú ṣakabùlà o. Òwú ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á fi ásíìdì ṣe òwú náà títí yóò fi di ohun tó ń yára jóná, tí èéfín rẹ̀ kò sì pọ̀. Nitrocellulose ni orúkọ rẹ̀. Irú rẹ̀ kan náà ni wọ́n ń lò nínú ọta àgbá ńlá ti ológun. Nítorí náà, nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine ní oṣù Kejì ọdún 2022, tí ilẹ̀ Yúróòpù sì pinnu ní oṣù Kẹta ọdún 2023 láti fún Ukraine ní ọta àgbá mílíọ̀nù kan, gbogbo ilé iṣẹ́ ń du ohun èlò kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Kí ìyẹn tó dé, àrùn kòrónà ti jẹ́ kí àwọn ará Amẹ́ríkà ra ìbọn àti ọta kúrò lórí pẹpẹ ní 2020. Ọdẹ tó ń wá àparò ní etí ọ̀sà Ológe kò mọ̀ pé òun àti ológun ilẹ̀ òkèèrè jọ tò sórí ìlà kan náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni náírà tiwa. Kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé ìdajì, nǹkan bí 470 náírà ni dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti kọjá 1,500. Ẹ wo ohun tí ìyẹn ṣe. Ohun tí ẹni tó ṣe é kò fi kọ́bọ̀ kan kún owó rẹ̀, kí á ní dọ́là kan péré ni, ti di ìlọ́po mẹ́ta kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e, kí owó ibodè tó wọ̀ ọ́, kí oníṣòwò tó fi èrè tirẹ̀ lé e. Owó ìfẹ̀yìntì bàbá mi kò di ìlọ́po mẹ́ta.

Ọ̀nà tún wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti ẹnubodè, Ṣẹ̀mẹ̀ tiwa yìí sì wà lára wọn. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí i. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní oṣù Kìíní ọdún 2017, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ti mú ọkọ̀ kan ní apá Mile 2 tó kó ìbọn pọ́ǹpù 661 pamọ́ sínú ẹrù. Ẹ mọ̀ pé Mile 2 sí ọ̀dọ̀ wa kò jìnnà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé àṣẹ, ẹ má bínú bí wọ́n bá bi yín léèrè lójú ọ̀nà. Ẹ sáà rí i pé ìwé yín pé.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Bí a bá rò pé àwa ni ọta kọ́kọ́ wọ́n fún, ẹ jẹ́ kí á padà sí ogun Kírìjì, ogun ọdún mẹ́rìndínlógún, láti 1877 sí 1893. Etíkun ni ìbọn àti ẹ̀tù ń gbà wọlé, àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló sì wà lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn, kò sí bí akọni ṣe lè lágbára tó, ẹ̀tù di ohun tí wọ́n ń ṣọ́ lò. Ní òdìkejì, àwọn ọmọ Èkìtì tó wà ní Èkó ń dá owó jọ, wọ́n ń fi ìbọn ìgbàlódé tó ń gba ọta láti ìdí ránṣẹ́ sílé. Ìró àgbá wọn ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Ẹni tí ọ̀nà ọta rẹ̀ là ni ogun ń rọ̀ lọ́rùn.

Lẹ́yìn náà, ní 1890, àwọn ìjọba òyìnbó kóra jọ ní Brussels, wọ́n fọwọ́ sí ìwé kan. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má tún kó ìbọn ìgbàlódé wá sí apá tó pọ̀ jù lọ nílẹ̀ Áfíríkà. Ìbọn àtijọ́ tí a ń rọ ẹ̀tù sí láti ẹnu àti ẹ̀tù lásán nìkan ni wọ́n fàyè gbà. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ṣakabùlà pẹ́ lọ́wọ́ àwọn bàbá wa tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé wọn ò mọ èyí tó dáa.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí ohun kan. Gbogbo ìgbà tí ọta bá wọ́n, ọ̀nà àbùjá máa ń yọjú. Àwọn àbùjá òde òní rèé.

Àbùjá tó ń gé ọwọ́

Bàbá mi ní ọ̀rẹ́ kan. Ó ní kí n sọ ọ̀rọ̀ òun, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ òun. Ṣakabùlà ni ó ń lò. Nígbà tí ẹ̀tù gbówó lórí, ẹnì kan fún un ní kátíríìjì àtijọ́ tí ọ̀rinrin ti mú. Ó rò ó pé kàkà kí òun dà wọ́n nù, òun á là wọ́n, òun á da ẹ̀tù inú wọn sínú ṣakabùlà. Ó ní ìwọ̀n tí òun máa ń rọ tẹ́lẹ̀ ni òun rọ.

Ìbọn náà kò yìn síwájú. Ó fọ́ sí i lọ́wọ́. Ìka méjì lọ, etí kan kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́.

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀tù dúdú àti ẹ̀tù òwú kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Agbára tí ẹ̀tù òwú ń kó jọ nínú irin ju ohun tí irin ṣakabùlà lè gbà lọ fíìfíì. Kò sí ìwọ̀n kékeré tó dára. Ẹ má ṣe é rárá.

Ọta àtúnrọ tí ẹnì kan rọ nínú yàrá rẹ̀ náà kò yàtọ̀. Ẹni tó rà á kò mọ irú ẹ̀tù tó wà níbẹ̀, kò mọ ìwọ̀n rẹ̀, kò mọ iye ìgbà tí ike yẹn ti jóná rí. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwọn kan máa ń rọ ọta tiwọn, pẹ̀lú ẹ̀rọ, òṣùwọ̀n àti ìwé ìtọ́sọ́nà. Níbí, Òfin Ìbọn ti 1959 kò fàyè gba ẹnikẹ́ni láti máa rọ ọta nílé. Ẹni tó bá ń ta ọta gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Nítorí náà, ẹni tó ń gbé e kiri nínú àpò ọ̀rá ti rú òfin, ẹni tó rà á náà sì ti wọ̀ ọ́.

Àbùjá kejì ni ìbọn afẹ́fẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń kọ̀wé sí mi pé, "Sistá, ṣebí èyí kì í lo ẹ̀tù, ọta rẹ̀ sì rọjú, ohun ìṣeré ni." Rárá o. Òfin kan náà to ìbọn afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ ìbọn ọdẹ olówó ńlá. Ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí ẹ tó ní i. Bí ẹ bá gbà á, ó dára fún ìdánrawò. Bí ẹ kò bá gbà á, ẹ̀ ń wá ẹ̀wọ̀n ni.

Mo mú bàbá mi lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn ní ọjọ́ Àìkú. Wọn ò sọ̀rọ̀ ìbọn rárá. Bàbá náà kàn na ọwọ́ láti gba omi tí ìyàwó rẹ̀ gbé wá fún un, bàbá mi sì wo ọwọ́ náà. Nígbà tí à ń padà bọ̀, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o gbọ́n jù." Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, sà."

Ohun tí àwọn bàbá mẹ́rin náà ń ṣe báyìí

Ẹ má rò pé wọ́n ti kó ìbọn nílẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n fikùn lukùn, wọ́n sì yí bí wọ́n ṣe ń ṣe é padà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Èkíní, wọ́n ń dánra wò láìyìn ìbọn. Púpọ̀ nínú ìbọn yínyìn kò sí nínú ariwo rẹ̀. Ó wà nínú bí ẹ ṣe gbé e sí èjìká, bí ojú yín ṣe bá ẹnu rẹ̀ mu, bí ara yín ṣe ń tẹ̀ lé ohun tó ń lọ. Bàbá mi máa ń ṣe é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní àràárọ̀. Ó ń ti ọta mọ́ yàrá mìíràn, ó ń ṣí ìbọn wò lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ń pè mí kí n fojú ara mi rí i pé ihò méjèèjì ṣófo. Ọta àfidánrawò méjì tí kò ní ẹ̀tù ló ń fi sínú rẹ̀ kí irin inú ìbọn má bàa bàjẹ́. Ògiri ló ń dojú rẹ̀ kọ. Àwọn àgbà ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò dúró kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun?

Èkejì, wọ́n ti fi ààlà sí bí ohun tí wọ́n ń yìn ṣe lè jìnnà tó. Òjé wóróworó máa ń tú ká bó ṣe ń lọ. Bí ó bá ti kọjá nǹkan bíi mítà 35, àlàfo àárín wọn á ti pọ̀, agbára wọn á ti dín kù, ẹran á kàn gba ọgbẹ́ sálọ ni. Wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn ìwọ̀n yìí ní pápá, kálukú sì mọ iye ìṣísẹ̀ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò. Kí á ní ọdẹ kan ń yin ọta mẹ́ta kí ó tó pa ẹran kan. Bí ó bá ní sùúrù títí ẹran fi súnmọ́ ọn, tó wá di ọta méjì sí ẹran kan, ó ti dín ìnáwó rẹ̀ kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Kò sí ìjọba kan tó bá a dín in.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ń tọ́jú ohun tí wọ́n ní. Afẹ́fẹ́ ọ̀dọ̀ wa ní Ọ̀tọ̀ kún fún omi, ọ̀sà níhìn-ín, òkun lọ́hùn-ún. Ọta tí ẹ bá gbàgbé sínú àpò ọdẹ láti ọdún dé ọdún, idẹ rẹ̀ á dọ́gun, ike rẹ̀ á wú. Inú ike tó ní ìdérí tó le ni bàbá mi ń kó tirẹ̀ sí báyìí, pẹ̀lú àwọn ìdì kéékèèké tó ń fa omi, irú èyí tí a máa ń bá nínú páálí bàtà tuntun. Ó sì ń tì í pa kúrò lọ́wọ́ ọmọdé. Kì í fi òróró kan ọta rárá, torí òróró lè wọnú ìdí rẹ̀ kó má ṣàná mọ́. Èyí tó bá ti wú tàbí tó ti dọ́gun, kì í yìn ín, kì í sì í là á.

Ẹ̀kẹrin, ọwọ́ oníṣòwò tó forúkọ sílẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń rà, kálukú lórúkọ ara rẹ̀, kálukú pẹ̀lú ìwé àṣẹ tó ń sọ dọ̀tun lọ́dọọdún. Ọta kì í ṣe gààrí tí a ń bù fún aládùúgbò.

Ẹ̀karùn-ún, wọ́n gbà pé ọjọ́ mìíràn wà tí ìbọn kì í dún. Wọ́n á lọ, wọ́n á tọ ipasẹ̀, wọ́n á wo ibi tí igbó kù sí. Igbó gan-an ń dín kù. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ ọ̀nà Badagry, ilé ń wá bá wa ni. Ibi tí bàbá mi ti kọ́kọ́ pa ọ̀yà, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta síméǹtì ló wà níbẹ̀ lónìí. Bí ọta bá tilẹ̀ rọjú lọ́la, ibi tí a lè yìn ín sí láìṣe ọmọ ènìyàn léṣe kò pọ̀ mọ́.

Ìbọn mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí parí rẹ̀. Ní bí oṣù kan sẹ́yìn, ọdẹ àgbà kan papò dà ládùúgbò wa. Ìlú rẹ̀ wà ní apá Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún un gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é fún ọdẹ. Láyé àtijọ́, ìbọn ni yóò kọ́kọ́ sọ fún ìlú, yóò sì máa dún títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Àwọn ọmọ olóògbé pe bàbá mi sẹ́yìn ilé. Ojú ń tì wọ́n. Wọ́n ní owó ẹ̀tù tí àwọn rí kò tó nǹkan. Ọ̀kan nínú wọn bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ lè bá wa fi kátíríìjì tiyín kún un? A máa san án díẹ̀díẹ̀."

Bàbá mi ní òun kò ní yin kátíríìjì sókè láàárín ìlú. Òjé tó bá gòkè á balẹ̀, òrùlé onílé ló máa bà lé, tàbí orí ọmọ ọlọ́mọ. Ó bi wọ́n pé, "Ẹ̀tù tí ẹ rí, ìbọn mélòó ló máa tó?" Wọ́n ní mẹ́ta. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó jẹ́ mẹ́ta."

Ṣakabùlà mẹ́ta ni wọ́n yìn, ẹ̀tù lásán, kò sí òjé nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìkẹta, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́, àwọn ọdẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí sun ìrèmọ̀jé. Wọ́n sun ún títí ìdájí. Mo gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mi dání, mo bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní kí n gbé e pamọ́. Mo gbé e pamọ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ lẹ́nu pé ìbọn kéré.

Ọta mẹ́sàn-án tí ẹ gbọ́ níbẹ̀rẹ̀ yẹn ti ku méje. Bàbá mi ní òun kò tíì mọ ìgbà tí òun máa ra òmíràn. Ẹni tó fẹ́ ta ọta àtúnrọ fún un tún padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Èmi ni mo lọ ṣí géètì. Kí n tó sọ nǹkan kan, bàbá mi ti pariwo láti inú ilé pé kí n sọ fún un pé òun kò sí nílé. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọdẹ tó ń gbọ́ wa ní Ìjànikin, ní Badagry, ní Àjàṣẹ́, níbikíbi tí ẹ bá wà: báwo lẹ ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ yín? Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́, màá gbé díẹ̀ nínú wọn sáfẹ́fẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.